Orírun àti Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Àtijọ́ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ṣi òǹkàwé lọ́nà jù lọ ni èyí tí ó dá a lójú pé òun mọ̀. Ẹni tí ó bá pàdé 'besom' nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 yóò dúró, yóò yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, yóò sì rí i pé ìgbálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé 'meat' nínú ìwé kan náà, kò ní dúró rárá, nítorí pé ẹran ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ lónìí, kò sì ní fura pé oúnjẹ lápapọ̀ ni àwọn tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ojú sì ń rí i bẹ́ẹ̀. Èkejì ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti yí padà láìjẹ́ pé ara rẹ̀ fi hàn. Oríṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé, ṣùgbọ́n oríṣi kejì ni yóò gba àkókò jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ pọ̀ sí, àti nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ẹjọ́ àti ní ilé ìwé ń bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó ń wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, tí ó sì ń tọpa ìró àti ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìran dé ìran, ni a ń pè ní ìmọ̀ orírun ọ̀rọ̀. Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà náà gùn, ó sì gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Bede, mọ́ǹkì kan tí ó parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní ọdún 731, kọ ọ́ pé ní nǹkan bí ọdún 449 ni àwọn ẹ̀yà Angles, Saxons àti Jutes bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí òkun wọ erékùṣù Bìrìtéènì láti apá ibi tí a ń pè ní Jámánì àti Dẹ́nmákì lónìí. Èdè tí àwọn àtìpó wọ̀nyí ń sọ, tí ó wà títí di nǹkan bí ọdún 1100, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, ó sì jìnnà sí Gẹ̀ẹ́sì òde òní tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò lè kà á láìjẹ́ pé ó kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ èdè àjèjì.

Síbẹ̀, nínú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ìgbésí ayé ènìyàn jù lọ ti jáde. Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè ní 'hlaf' nígbà náà. Ẹni tí ó ni agbo ilé, tí oúnjẹ gbogbo ará ilé wà níkàáwọ́ rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní 'hlafweard', èyí tí ó túmọ̀ sí olùṣọ́ búrẹ́dì. Obìnrin tí ó jẹ́ ìyálé ibẹ̀ ni 'hlæfdige', ẹni tí ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ẹni tí ń gbé abẹ́ wọn, tí ó ń jẹ lọ́wọ́ wọn, sì ni 'hlafæta', ajẹ-búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú òfin Æthelberht, ọba Kent, ní nǹkan bí ọdún 600. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ti parẹ́ pátápátá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń súnkì díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn títí tí wọ́n fi di 'lord' àti 'lady', oyè àwọn ọlọ́lá, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá dárúkọ ilé ìgbìmọ̀ àwọn 'Lords' ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sí búrẹ́dì mọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi hàn ṣe pàtàkì: ní àwùjọ tí ìyàn ti máa ń pa ènìyàn, ẹni tí ó ń bọ́ni ni olúwa ẹni.

Nínú èdè kan náà, 'deor' ni orúkọ ẹranko èyíkéyìí, 'fugol' ni orúkọ ẹyẹ gbogbo, 'mete' ni oúnjẹ, 'steorfan' sì ni kí ènìyàn kú, ikú yòówù kí ó jẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni 'deer', 'fowl', 'meat' àti 'starve' òde òní, tí wọ́n wá ń jẹ́ ẹranko irú àgbọ̀nrín nìkan, adìẹ àti irú rẹ̀ nìkan, ẹran nìkan, àti kí ebi máa pani. Gbogbo wọn ni ìtumọ̀ wọn há, wọn kò sì dédé há. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Skandinéfíà, ìyẹn Dẹ́nmákì àti Nọ́ọ̀wè, tí ó di 'die' wọlé, ó gba ipò ikú lápapọ̀ lọ́wọ́ 'starve', ó sì ṣẹ́ ikú ebi àti ti òtútù kù fún un. Nígbà tí 'beast' ti Faransé àti 'animal' ti Látìnì dé lẹ́yìn náà, 'deer' kò rí ibi jókòó mọ́ àfi inú igbó tí àwọn ọlọ́lá ti ń ṣọdẹ. Ìdí abájọ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ fún ìyípadà ìtumọ̀ nìyí: àlejò wọlé, onílé kó lọ sí yàrá kékeré. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi yí padà ní láti bèèrè irú ọ̀rọ̀ tí ó wá bá a nínú ilé.

Láti ìparí ọ̀rúndún kẹjọ ni àwọn ajagun orí omi láti Dẹ́nmákì àti Nọ́ọ̀wè ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí púpọ̀ nínú wọn sì fìdí kalẹ̀ sí apá àríwá àti ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń fẹ́ obìnrin ibẹ̀, tí wọ́n ń bá àwọn ará ibẹ̀ ná ọjà. Nítorí pé ìyàtọ̀ èdè méjèèjì kò pọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àlejò wọ inú èdè onílé títí dé ibi tí èdè kì í ti í sábà yá ọ̀rọ̀, àní 'they' àti 'them', tí wọ́n jẹ́ arọ́pò orúkọ, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti wá. 'Husband' wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó ní ilé tí ó sì ń gbé inú rẹ̀, kí ó tó di ọkọ ìyàwó. 'Window' sì wá láti inú 'vindauga', ojú afẹ́fẹ́, èyí tí kò ní ṣe àjèjì sí Yorùbá tí ń pe tirẹ̀ ní ojú fèrèsé.

Bí irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń da ọ̀rọ̀ rú hàn gbangba nínú ìtàn kan tí William Caxton kọ sílẹ̀ ní ọdún 1490. Caxton ni ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Westminster, ní ọdún 1476, ìṣòro rẹ̀ sì ni pé kò mọ irú Gẹ̀ẹ́sì tí òun ìbá tẹ̀ tí gbogbo ènìyàn yóò fi lè kà á. Ó sọ nípa àwọn oníṣòwò kan tí wọ́n fẹ́ gba odò Thames lọ sí Zeeland, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Nẹ́dálándì lónìí, tí atẹ́gùn kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ wọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn wọ ilé kan, ó bèèrè ẹyin lọ́wọ́ ìyá onílé, ó sì pè é ní 'egges'. Obìnrin náà dáhùn pé òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí oníṣòwò náà, nítorí pé òun pàápàá kò gbọ́ Faransé. Ẹlòmíràn ni ó wá sọ pé 'eyren' ni ẹni yìí ń fẹ́, ni obìnrin náà tó mọ̀ pé ẹyin ni. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì. 'Eyren' ni ọ̀rọ̀ àbáláyé láti inú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, 'egges' sì ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Skandinéfíà tí ń gba gúúsù bọ̀ láti àríwá. Ọ̀rọ̀ àlejò ni ó borí níkẹyìn. Kò sí ẹni tí ó mọ 'eyren' mọ́ àfi akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé ìgbà náà.

Láàárín ìgbà àwọn ajagun orí omi àti ìgbà Caxton ni ogun mìíràn ti jà. Ní ọdún 1066, William ti Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ní Hastings, èdè Faransé sì di èdè ààfin, ti ilé ẹjọ́ àti ti àwọn onílẹ̀ ńláńlá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó di ọdún 1362 kí òfin tó pàṣẹ pé kí a máa rojọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹjọ́, Faransé ni wọ́n sì fi kọ òfin náà fúnra rẹ̀. Láti inú Faransé ìgbà náà ni 'curfew' ti wá, èyí tí a ń pè ní kónílé-ó-gbélé. Ohun tí ó túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni pé kí oníkálùkù bo iná rẹ̀ mọ́lẹ̀: agogo a dún nírọ̀lẹ́, àwọn ará ìlú a sì fi eérú tàbí ìdérí bo iná ààrò, nítorí pé igi àti koríko ni wọ́n fi ń kọ́ ilé, ẹta iná kan ṣoṣo sì lè jó àdúgbò run. Láti inú Faransé náà ni 'villain' ti jáde, tí ó kọ́kọ́ jẹ́ àgbẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ olówó, tí àwọn olówó wá fi ìwà burúkú kún un lórí títí tí ó fi di orúkọ ọ̀daràn. Ìtàn mìíràn tí ó gbajúmọ̀ láti ìgbà náà, tí Walter Scott tàn kálẹ̀ nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Ivanhoe, ní ọdún 1819, ni pé darandaran tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fún ẹran ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, 'cow', 'sheep' àti 'swine', tí ọ̀gá tó jẹ́ Faransé tí ń jẹ ẹ́ sì fún un ní orúkọ inú àwo, 'beef', 'mutton' àti 'pork'. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ ní ti orírun ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣùgbọ́n ó gún régé jù. Àwọn ìwé ìgbà náà fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lo àwọn ọ̀rọ̀ Faransé náà fún ẹran tí ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn, ìyàsọ́tọ̀ tí a mọ̀ lónìí sì pẹ́ kí ó tó dúró.

Ibi tí òǹkàwé Yorùbá ti máa ń bá Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàdé jù lọ ni Bíbélì tí a tẹ̀ ní ọdún 1611 lábẹ́ àṣẹ Ọba James. Púpọ̀ nínú èdè ìwé náà ti dàgbà ju ọjọ́ tí ó jáde lọ, nítorí pé iṣẹ́ William Tyndale, tí Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ jáde ní ọdún 1526, tí wọ́n sì pa ní ọdún 1536, ni àwọn atúmọ̀ náà kọ́ lé. Nínú rẹ̀, 'prevent' kò túmọ̀ sí kí a dínà, bí kò ṣe kí a ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí Látìnì tí ó ti wá, èyí tí ó jẹ́ kí ènìyàn wá ṣáájú. 'Conversation' kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ìwà àti ìgbé ayé ẹni ni. 'Carriage' ni ẹrù tí arìnrìn-àjò dì. 'Leasing' nínú Sáàmù kò kan ilẹ̀ tàbí ilé tí a fi háyà, irọ́ pípa ni, láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ kan tí ó ti kú. Ibi tí Sámúẹ́lì ti ń kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì pé ọba yóò mú àwọn ọmọkùnrin wọn láti 'ear' ilẹ̀ rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ etí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó túmọ̀ sí títúlẹ̀ ni, tí ó bá etí jọ nínú ìró nìkan.

Èyí tí ó ṣòro jù nínú wọn ni 'let'. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́: 'lætan', kí a jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀, àti 'lettan', kí a dí i lọ́wọ́. Ìtumọ̀ wọn ta ko ara wọn, ṣùgbọ́n ìró wọn ń sún mọ́ ara wọn títí tí wọ́n fi di ọ̀kan náà ní etí, èdè kò sì lè fara da irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ọ̀kan ní láti lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí ìdíwọ́ ni ó sì lọ. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà kejì sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí kejì, nínú Bíbélì 1611 láìmọ èyí, yóò rò pé ẹni tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ń gba nǹkan láyè, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ń dènà rẹ̀ ni. Bíbélì Yorùbá, tí ó sọ ọ́ ní ìdènà, kò jẹ́ kí òǹkàwé rẹ̀ ṣìnà níbẹ̀. Síbẹ̀ 'let' ti ìdíwọ́ kò tíì kú tán. Ó ń gbé inú òfin, ó ń gbé inú eré tẹ́níìsì níbi tí bọ́ọ̀lù bá kan àwọ̀n, ó sì wà nínú gbólóhùn tí a tẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, níbi tí a ti ń bẹ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ kọjá láìsí ìdíwọ́.

'Peculiar' nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ti Pétérù náà yẹ fún àkíyèsí. Lónìí, bí wọ́n bá pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ sọ pé ìwà rẹ̀ ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n Látìnì 'peculium' ni orírun rẹ̀, ohun ìní tí ó jẹ́ ti ẹnì kan fúnra rẹ̀, èyí tí òun náà ti inú 'pecu' jáde, ìyẹn ni agbo ẹran ọ̀sìn, nítorí pé ẹran ọ̀sìn ni ọrọ̀ àwọn ará Róòmù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ènìyàn tí ó jẹ́ ti Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ni ẹsẹ náà ń wí. Irú 'quick' náà nìyẹn, tí ó túmọ̀ sí ààyè kí ó tó di yíyára, tí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì pa mọ́ níbi tí Yorùbá ti ń sọ pé ààyè àti òkú. Àti 'ghost', tí ó túmọ̀ sí ẹ̀mí ní gbogbo ọ̀nà, kí ó tó kù sí ọ̀dọ̀ òkú tí ń fara han ènìyàn lóru.

Kò sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì gbọ́ tó 'thou'. Nítorí pé inú Bíbélì, inú orin ìyìn àti inú àdúrà nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, tí ó ga ju 'you' lọ. Òdì kejì ni òtítọ́, Yorùbá sì ni ó yẹ kí ó tètè yé jù. Ní Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, ẹnì kan ni 'thou', ọ̀pọ̀ ènìyàn ni 'ye', kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá, lábẹ́ ipa Faransé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo bí ó bá jẹ́ àgbà tàbí ọlọ́lá, gan-an gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ẹ̀yin fún àgbà, tí a sì ń sọ ìwọ fún ọmọdé tàbí ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá fi 'thou' pe ẹni tí ó jù ú lọ ti tàbùkù rẹ̀. Ní ọdún 1603, nígbà tí wọ́n ń bá Walter Raleigh ṣẹjọ́ ọ̀tẹ̀ ní Winchester, agbẹjọ́rò ìjọba, Edward Coke, mọ̀ọ́mọ̀ fi 'thou' bá a sọ̀rọ̀ ní gbangba láti fi wọ́ ọ nílẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kan náà, George Fox àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Quaker kọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ pe ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe adájọ́, nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ọgba ni gbogbo ènìyàn níwájú Ọlọ́run, ìyà sì jẹ wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti ń sá fún ìwọ̀sí nígbà náà, tí ẹni gbogbo fi ń pe ẹni gbogbo ní 'you', títí tí 'thou' fi kúrò lẹ́nu púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn.

Àwọn atúmọ̀ Bíbélì 1611 kò lò ó fún ọ̀wọ̀ tàbí fún ìwọ̀sí. Nítorí pé Hébérù àti Gíríìkì ya ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀, wọ́n fi 'thou' túmọ̀ gbogbo ibi tí a bá ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, yálà Ọlọ́run ni, ọba ni, tàbí ẹrú. Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, gba ọ̀nà kan náà ní ti Ọlọ́run, tí onígbàgbọ́ Yorùbá fi ń sọ fún Un pé Ìwọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá tó bí i. Ó sì bá àṣà mu, nítorí pé ìwọ náà ni àwọn baba ńlá fi ń bá Olódùmarè àti òrìṣà sọ̀rọ̀ nínú ìwúre. Ní èdè méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìsúnmọ́ni ni; Gẹ̀ẹ́sì gbàgbé, Yorùbá kò gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìwà àti ipò ènìyàn a máa gòkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ojú tí àwùjọ fi ń wo àwọn tí ó ń jẹ́ ẹ. 'Knight' àti 'knave' jọ bẹ̀rẹ̀ ní ipò kan náà, ọmọdékùnrin ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan tẹ̀lé ọba lọ sógun, ó di oyè, èkejì kù sí ilé ìdáná, ó di oníjìbìtì. 'Silly' ti jẹ́ alábùkún fún, kí ó tó di aláìlẹ́ṣẹ̀, kí ó tó di ẹni àánú, kí ó tó di òmùgọ̀. 'Nice', tí ó wá láti inú Látìnì aláìmọ̀kan, ni òmùgọ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ó wá di dáadáa. 'Girl' ti jẹ́ ọmọdé, ìbáà ṣe akọ tàbí abo. 'Gossip' sì ni ẹni tí ó bá òbí dúró nígbà ìrìbọmi ọmọ, tí ó di ẹbí nípa Ọlọ́run. Àwọn obìnrin irú bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń péjọ síbi ọmọ tuntun ni ọ̀rọ̀ náà ti ara wọn di òfófó, kò sì ṣòro láti rí i pé ọkùnrin ni ó ṣe ìyípadà yẹn.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn yí padà nítorí pé etí gbọ́ wọn ní àgbọ́yí. 'Nickname', àlàjẹ́, ti jẹ́ 'an ekename', orúkọ àfikún, kí ìró ìparí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó fò mọ́ ọn lára. 'Adder', paramọ́lẹ̀, ti jẹ́ 'nadder', ó sì pàdánù ìró rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'apron', aṣọ tí alásè ń so mọ́ iwájú ara, ti jẹ́ 'napron'.

Ní ti òǹkà, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sún mọ́ Yorùbá ju bí a ti rò lọ. 'Eleven' túmọ̀ sí ẹyọ kan tí ó ṣẹ́kù, 'twelve' sì túmọ̀ sí méjì tí ó ṣẹ́kù, lẹ́yìn tí a bá ti ka mẹ́wàá tán, èyí tí ó bá ọ̀kànlá àti èjìlá mu gan-an. 'Score' ni ogún; inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Skandinéfíà tí ó jẹ́ ìlà tí a fi ọ̀bẹ gé sára igi ni ó ti wá, nítorí pé bí olùṣọ́-àgùntàn bá ka ogún, yóò fa ìlà kan. Àádọ́rin ọdún ayé ènìyàn nínú Sáàmù àádọ́rùn-ún ni Bíbélì 1611 pè ní ogún mẹ́ta àti mẹ́wàá. Yorùbá náà fi ogún kọ́ àádọ́rin, ṣùgbọ́n ó gba òkè wá: ogún mẹ́rin, ó dín mẹ́wàá.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ, nítorí pé irọ́ pọ̀ nínú ìtàn orírun ọ̀rọ̀, irọ́ náà sì máa ń dùn. Wọ́n ń sọ pé 'news' jẹ́ àkójọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ igun mẹ́rin ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tuntun ni, láti inú 'new'. Wọ́n ń sọ pé ìtàn ọkùnrin ni 'history'. Kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìwádìí ni. Wọ́n ń sọ pé 'posh' jẹ́ àkékúrú tí a tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì àwọn olówó tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà. Kò sí ẹni tí ó tíì rí irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Ìjọra ìró pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí. 'Have' ti Gẹ̀ẹ́sì àti 'habere' ti Látìnì jọ ara wọn, ìtumọ̀ wọn sì bára mu, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn tan. Ẹbí 'have' gan-an ní Látìnì ni 'capere', láti gbá mú. Jacob Grimm, onímọ̀ èdè ará Jámánì, fi hàn ní ọdún 1822 pé ìyípadà ìró láàárín àwọn èdè wọ̀nyí ń tẹ̀lé òfin, tí ìró ìbẹ̀rẹ̀ 'pater' Látìnì fi di ti 'father', tí ti 'piscis' fi di ti 'fish', tí ti 'capere' sì fi di ti 'have'. Àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ó jọra ṣe ẹ̀rí pé Yorùbá àti èdè ọ̀nà jíjìn kan jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ní láti kọ́kọ́ dáhùn sí àpẹẹrẹ yìí.

Ẹ̀rí kejì ni ìwé tí ó ní ọjọ́. Ní ọdún 1857, Richard Chenevix Trench sọ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn ìwé atúmọ̀ èdè ìgbà náà kò pé, nítorí pé wọ́n ń ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ wọn ni láti yan ọ̀rọ̀ tí ó dára, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kọ ìtàn gbogbo ọ̀rọ̀, rere àti búburú, ààyè àti òkú. Láti inú èrò yìí ni Ìwé Atúmọ̀ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford ti jáde. James Murray, ará Scotland tí ó kúrò nílé ìwé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, di olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1879, ó sì ké sí àwọn òǹkàwé kárí ayé pé kí wọ́n máa ka ìwé àtijọ́, kí wọ́n máa kọ gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ yọ sórí pélébé ìwé, pẹ̀lú orúkọ ìwé àti ọdún rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ jù lọ ni William Chester Minor, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí àrùn ọpọlọ mú kí ó pa ènìyàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ń ka ìwé láti inú àhámọ́ rẹ̀ ní Broadmoor. Ìpín àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1884, Murray kú ní ọdún 1915, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1928 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 414,825 àti gbólóhùn ẹ̀rí tí ó lé ní 1,800,000. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'bondmaid', ẹrúbìnrin, ni pélébé rẹ̀ sọnù tí kò fi wọlé, títí di ìgbà tí àfikún ọdún 1933 gbà á. Ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú Bíbélì 1611 tí gbogbo àwọn olóòtú ń kà. Wọn kò lè fi ìrántí lásán rọ́pò pélébé tí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní ọdún 1843, ogójì ọdún ó lé ọ̀kan kí ìpín àkọ́kọ́ ti Oxford tó jáde, ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí onímọ̀ kan bá fẹ́ mọ̀ lónìí bóyá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tàbí ohun tí ó túmọ̀ sí nígbà náà, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó kù. Àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì kì í ka ọjọ́, òru ni wọ́n ń kà. Tacitus, òǹpìtàn ará Róòmù, ti kọ èyí nípa àwọn ẹ̀yà Jámánì ní nǹkan bí ọdún 98. Ìdí nìyí tí 'fortnight', òru mẹ́rìnlá, fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì títí di òní, tí 'sennight', òru méje, fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó di ọ̀rọ̀ tí a gbàgbé. Ní ọdún 1535, Miles Coverdale, tí ó tẹ odindi Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, lo 'overmorrow' fún ọ̀túnla. Ọ̀rọ̀ tí ó péye ni, àwọn ará Jámánì sì ní irú rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí ó kú, ó sì ń lo odindi gbólóhùn láti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kò lè gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀túnla wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré rí àyè tí ó ṣófo nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi 'next tomorrow' dí i. Àwọn olùkọ́ ti ń fa ìlà pupa sí i lára fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àṣìṣe ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, ìwé Oxford gbà á wọlé, òun pẹ̀lú 'danfo', 'okada' àti 'tokunbo', gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà, pẹ̀lú gbólóhùn ẹ̀rí àti ọdún tiwọn.